Níbo la ó ti lọ wo iṣẹ́ ọnà? Ìfiwéra ibi mẹ́fà fún ará Òkun tó ń rìnrìn àjò

Ẹni tó ń gbé Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà tàbí Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, kì í ṣàdédé wọ mọ́tò lọ sí Èkó nítorí àwòrán. Ìgbéyàwó ló ń gbé wa lọ, tàbí ìsìnkú, tàbí ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì, tàbí ìwé kan tí wọ́n ní ká wá gbà ní Àbújá. Ibẹ̀ ni ìfiwéra yìí ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí mo ti kà nípa wíwo ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, ó dà bíi pé ẹni tó ń gbé Lẹ́kí tó sì ní mọ́tò tirẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ìbéèrè tiwa yàtọ̀. Nínú àwọn ibi tí ìrìn wa ń gbé wa dé, èwo ló yẹ ká fi ọjọ́ kan kún nítorí iṣẹ́ ọnà? Èwo ló sì tó ohun tí èèyàn ń dìídì gbéra lọ?

Ibi mẹ́fà ni mo máa gbé yẹ̀ wò: Ògìdì-Ìjùmú, Àbújá, ìhà Ìgbómìnà, Òṣogbo pẹ̀lú Ilé-Ifẹ̀, Ìlú Bìní, àti Èkó. Lọ́kọ́jà náà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àmọ́ ìtàn ìjọba amúnisìn ló dá lé. Ẹni tó bá ń wá oníṣẹ́ ọnà kò ní í bá a níbẹ̀, mo sì yọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Owó ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ bi mí. Owó ìwọlé kò tó nǹkan níbi púpọ̀. Ọkọ̀ àti ibùsùn ló ń jẹ owó. Mi ò ní kọ iye owó ọkọ̀ síbí, torí kí ẹ tó ka ìwé yìí tán epo lè ti gbé e sókè. Ẹ bi wọ́n ní gáréèjì. Ohun tí mo máa sọ ni èyí tẹ́ ẹ lè lọ kẹ́ ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, àti èyí tó máa gba pé kẹ́ ẹ sùn.

Lẹ́yìn owó, ìdánilójú. Ṣé ẹ ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí? Mo ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan rí lọ́sàn-án gangan, ọjọ́ iṣẹ́ ni, tí wọ́n sọ fún mi pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ síbi ìsìnkú, àti pé kí n padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá ò ní Mọ́ńdè kankan nílẹ̀.

Ìwọ̀n kẹta ló wà lọ́kàn mi jù lọ: ṣé ẹ ó rí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà? Ère àtijọ́ inú gíláàsì dára, ṣùgbọ́n ẹ wo káàdì kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó máa ń wà níbẹ̀ ni orúkọ ẹ̀yà, orúkọ igi, bóyá ọ̀rúndún. Orúkọ agbẹ́gilére kì í sábà sí níbẹ̀, torí àwọn òyìnbó tó kó ère wọ̀nyí nígbà náà ò béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Oníṣẹ́ tó wà láàyè máa sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọ̀gá rẹ̀ fún yín, á sì júwe ilé ẹlòmíì tẹ́ ẹ tún lè yà sí. Ẹnì kan ló ń múni mọ ẹnì kejì nínú ọ̀ràn yìí. Ìdí nìyẹn tí ibi kékeré kan fi lè borí ibi ńlá nínú ìwọ̀n mi.

Ọ̀nà ló kù. Gbogbo wa la mọ ohun tójú wa ti rí lójú ọ̀nà wa. Mo ń wọn ibi kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó gbọ́dọ̀ ti dé ibi tó máa sùn kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ má ṣe gba ìfiwéra mi gbọ́ ju ohun tí awakọ̀ bá sọ fún yín láàárọ̀ ọjọ́ náà lọ.

Ògìdì-Ìjùmú

Bí ẹnì kan bá ní kò sí iṣẹ́ ọnà nílẹ̀ Òkun, ẹ bi í léèrè pé ọmọ ibo ni Nike Okundaye. Ògìdì ni wọ́n bí i sí ní 1951. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà nínú ilé wọn ló ti kọ́ aṣọ híhun àti aró, kó tó di pé òkìkí rẹ̀ kàn dé Amẹ́ríkà, kó sì tó kọ́ ilé ìpàtẹ sí Èkó, Òṣogbo àti Àbújá. Ó ní ibùdó sí Ògìdì náà, aṣọ híhun sì ni ọkàn ibẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò níbẹ̀ ni òfì. Òfì ìnàró tí àwọn obìnrin wa ń lò ni mò ń wí, èyí tí wọ́n gbé dúró ti ògiri. Obìnrin náà á jókòó síwájú rẹ̀, á fa òwú gba àárín òwú, á wá ti igi pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́, á sì fi lu ìlà tuntun náà mọ́lẹ̀, gbì, gbì. Kò sí kánjúkánjú nínú ìró yẹn. Aṣọ tó ń jáde níbẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Ẹ fi wé aṣọ òkè tí àwọn ọkùnrin ń hun ní Ìsẹ́yìn, tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rán pọ̀. Ẹ dúró wo bó ṣe ń ka òwú kó tó gbé àwọ̀ míì wọlé. Tẹ́ ẹ bá béèrè, á dá yín lóhùn láìgbé ojú kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá láǹfààní láti bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ ní ìhà Bùnú, kó béèrè aṣọ ipò, aṣọ pupa tí wọ́n ń hun fún ìsìnkú àwọn olóyè ńlá àti fún eégún. Aṣọ yìí wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun, àwọn onímọ̀ sì ti kọ̀wé lé e lórí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Kàbà ò tíì rí i rí. Ẹ má retí pé wọ́n á gbé e síta fún yín bí ọjà. Ìtàn rẹ̀ lẹ ó bá bọ̀, tí wọ́n bá fọkàn tán yín.

Ní ti owó, kò sí èyí tó dínkù tó Ògìdì. Láti Kàbà tàbí Ìyàrà, àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan ni. Ní ti ìdánilójú, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé aago. Ẹ pe ẹnì kan ṣáájú. Ta ni nínú wa ni ò ní àna tàbí ọmọ ìyá ìjọ ní Ògìdì? Ọdún iṣu tuntun wọn máa ń bọ́ sí oṣù kẹfà, ìlú á sì kún. Ẹni tó fẹ́ wo ìran kó lọ nígbà náà, àmọ́ ẹni tó fẹ́ jókòó ti ahunṣọ kó mú ọjọ́ míì, nítorí ìdí ààrò ni gbogbo obìnrin ìlú máa ń wà lọ́jọ́ ọdún. Àbùkù Ògìdì kò ju pé aṣọ ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń wá àwòrán oríṣiríṣi á tètè wò ó tán.

Àbújá

Àbújá ni ìrìn ń gbé wa lọ jù, láti ìgbà tí iṣẹ́ ìjọba ti kó síbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀ pàápàá, ọ̀nà yìí ní ohun kan tí a máa ń fi oorun rékọjá. Lẹ́yìn Lọ́kọ́jà àti Abaji, ẹ ó gba Kwali kọjá. Ẹ mú owó ogún náírà, bẹ́ ẹ bá ṣì rí i, kẹ́ ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Obìnrin tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ni Ladi Kwali, ọmọ ìlú yìí gan-an. Ó ti mọ̀kòkò dójú àmì kí òyìnbó kankan tó mọ̀ ọ́n. Ní 1954 ló dara pọ̀ mọ́ ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò tí òyìnbó amọ̀kòkò Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Suleja, ìlú tó ń jẹ́ Abuja nígbà náà kí olú-ìlú tuntun tó gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀. Alángbá, àkekèé, ẹja, gbogbo wọn ló ń ya sára ìkòkò kó tó sun ún.

Nínú Àbújá fúnra rẹ̀, gálárì aládàáni lẹ máa wá lọ. Thought Pyramid wà ní Wuse 2, ti Nike sì wà lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í gba owó ìwọlé, torí títà ni wọ́n ń tà. Wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Nítorí náà, ìdánilójú pọ̀ níbẹ̀: ẹni tó ń sanwó ilé ò ní í ti ilẹ̀kùn lọ síbi ìsìnkú. Àmọ́ ara ìpàtẹ náà kì í pẹ́ kó tó yí padà, torí náà ẹ wo ojú ìwé wọn lórí Instagram kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí ìpàtẹ ló dára jù. Lọ́jọ́ náà, ayàwòrán á dúró ti iṣẹ́ rẹ̀, á wọṣọ dáadáa, ọkàn rẹ̀ ò ní í balẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ohun tó kọjá iye owó. Ọjọ́ kejì, akọ̀wé nìkan lẹ ó bá níbẹ̀. Àǹfààní mìíràn tí Àbújá ní ni pé àwọn oníṣẹ́ láti Zaria, Jos àti Benue máa ń gbé iṣẹ́ wá síbẹ̀. Zaria sì kì í ṣe ilé àjèjì sí wa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ti kàwé nígbà tí gbogbo wa ṣì wà lábẹ́ Kaduna. Ibẹ̀ náà ni Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo, Uche Okeke àti Demas Nwoko ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1958, tí wọ́n kọ̀ láti máa ya bí òyìnbó ṣe ń ya.

Tó bá kan rírà, ẹ fọkàn balẹ̀. Owó àwọn alágbára ló ń ra àwòrán ní Àbújá, iye tí wọ́n ń dá lé e sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ìhà Ìgbómìnà: Ẹ̀sìẹ́, Ọ̀sì, Òdò-Ọwá

Fún ará Yàgbà, ìhà yìí sún mọ́lé ju Lọ́kọ́jà lọ. Láti Ẹ̀gbẹ̀, ẹ gba Èrúkù, ẹ ó bọ́ sí Òmù-Àrán, Ẹ̀sìẹ́ ò sì jìnnà mọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn jókòó, àwọn kan di ohun ìjà mú. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ẹ wo irun orí wọn dáadáa. Ẹni tó ṣe é mọ onídìrí, torí kò sí orí méjì tó fara jọra tán.

Kò sẹ́ni tó mọ àwọn tó gbẹ́ wọn. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ sọ pé àwọn bá wọn nílẹ̀ níbẹ̀ ni. Nínú ìwọ̀n kẹta tí mo là sílẹ̀, Ẹ̀sìẹ́ pàdánù pátápátá, síbẹ̀ n kò lè sọ pé kẹ́ ẹ má lọ.

Ọ̀sì àti Òdò-Ọwá yàtọ̀. Orúkọ àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀ la mọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ wọn ni kò sí nílé. Àrẹógún ará Ọ̀sì kú ní 1954. Bándélé ọmọ rẹ̀ ló kọ́ Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, níṣẹ́, nígbà tí àwọn Fadá ní ilé iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bámigbóyè ti Òdò-Ọwá ńkọ́? Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ló ṣe ìpàtẹ ńlá fún iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ ṣe wà ní London títí dòní. Ẹ má lọ sí Ọ̀sì bí ẹni tó ń lọ wo ìpàtẹ. Ẹni tó bá lọ, kó lọ nítorí ìran àti ìtàn, kó sì kọ́kọ́ yà kí ọba àti àwọn àgbà.

Owó ìrìn yìí kò pọ̀, àlọ-àbọ̀ sì ni láti Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìsánlú. Láti Kàbà, ó fún díẹ̀. Ọ̀nà ni mo kọminú sí. Ìhà Èrúkù ti kó ìbànújẹ́ bá ọ̀pọ̀ ìdílé, n kò sì ní í rán ẹnikẹ́ni gba ibẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti béèrè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an.

Òṣogbo, pẹ̀lú Ilé-Ifẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀

Tí ẹ bá bi mí pé ibo ló tó ohun tí èèyàn ń dìídì gbéra lọ láìsí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú kankan, Òṣogbo ni màá dáhùn. Kò sí ìlú míì tí mo mọ̀ tí iṣẹ́ àtijọ́, iṣẹ́ òde òní àti oníṣẹ́ tó wà láàyè ti sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀.

Igbó Ọ̀ṣun ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ó wọ ìwé àwọn ibi ogún àgbáyé ti UNESCO ní 2005, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó hẹ́kítà 75. Susanne Wenger, ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950 tí àwọn ará ìlú wá ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló ṣáájú iṣẹ́ àtúnṣe ojúbọ tó wà nínú igbó náà títí tó fi kú ní 2009. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn òun nìkan fún yín. Adébísí Àkànjí ló mọ ọ̀pọ̀ ère sìmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ bíríkìlà ni kó tó bẹ̀rẹ̀. Kasali Àkàngbé ló gbẹ́ igi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ló gbẹ́ òkúta, àwọn ère olójú ńlá tó dà bíi pé wọ́n ń wo àlejò láti inú ewé. Owó ìwọlé wà, owó kámẹ́rà sì tún wà lọ́tọ̀. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó yọ fóònù. Ẹ sì fi oúnjẹ pamọ́, nítorí ọ̀bọ inú igbó náà kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé.

Ẹ ti inú igbó bọ́ sígboro. Ilé tí Wenger gbé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ère kún ara rẹ̀ lọ́nà Ìbòkun, ṣì wà níbẹ̀ fún àlejò. Iṣẹ́ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀ fún títà pẹ̀lú. Ohun kejì tó gbé orúkọ Òṣogbo ga kò ní í ṣe pẹ̀lú igbó rárá: ní 1962, Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá ilé àṣà Mbari Mbayo sílẹ̀, wọ́n sì ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn kò lọ ilé-ẹ̀kọ́ ọnà rí. Inú wọn ni Twins Seven-Seven ti jáde, àti Jimoh Buraimoh tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, àti Muraina Oyelami ọmọ Ìràgbìjí, àti Rufus Ogundele. Òṣogbo yìí náà ni Nike wa ti gbé, tó sì dá ibùdó rẹ̀ sílẹ̀ ní 1983.

Ibùdó yẹn ni ibi tí mo ti rí ohun tí mò ń wá. Ọmọbìnrin kan jókòó ti aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sórí pákó. Ẹ̀kọ láfún ló wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ ló mú dání. Ó ti ìyẹ́ náà bọ ẹ̀kọ, ó fa ìlà kan, ó gbé e sókè, ó fa òmíràn, kò sí rúlà, kò sí pẹ́ńsù. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni aró ò ní í mu. Wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò tí aró bá ti gbẹ, funfun á sì kù síbẹ̀. Mo bi í bó ṣe ń mọ ibi tí ìlà kejì máa gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n."

Ẹni tó bá rí èyí kò ní í jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ ilé iṣẹ́ ṣe àdìrẹ fún òun mọ́. Ẹ wo àpótí kan nínú aṣọ náà, kẹ́ ẹ wo èyí tó kàn án. Tí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àpótí méjèèjì bá rí bákan náà gẹ́lẹ́, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ èèyàn kì í ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ẹ̀kọ ni wọ́n fi ṣe é tàbí àbẹ́là. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, àmọ́ ti ẹ̀kọ gba àkókò jù, owó rẹ̀ sì yẹ kó jù bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun. Èrò á pọ̀, owó ilé ìtura á gbéra, oníṣẹ́ ọnà kò sì ní í ráyè yín. Ẹ lọ nígbà míì.

Ilé-Ifẹ̀ ò jìnnà sí Òṣogbo, ẹ lè fi kún un lọ́jọ́ kejì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ní 1938 ni àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ kan orí idẹ nínú ilẹ̀, ayé sì gbọ́. Gbogbo orí náà kọ́ ló wà nílé, òmíràn wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní London, ẹ má retí gbogbo rẹ̀. Ibi tí àwọn àlejò kì í yà sí ni ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí Moyo Okediji, Kúnlé Fílàní, Tọ́lá Wéwé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀ ní 1989. Ẹ béèrè ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde máa pàtẹ iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ ẹni tí kò tíì lórúkọ lẹ ó rí níbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tíì gbéra.

Ìrìn yìí gba ibùsùn, ó kéré tán alẹ́ kan, méjì tẹ́ ẹ bá fi Ifẹ̀ kún un. Láti Kàbà, ẹ gba Òmùò, Adó-Èkìtì àti Iléṣà; láti Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀nà Òmù-Àrán àti Ọ̀fà wà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ tí mo ti ṣe.

Ìlú Bìní

Ọ̀nà Òkéne àti Auchi ló lọ síbẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo ló mú mi fi Bìní sínú ìfiwéra yìí: Igun, àdúgbò àwọn tó ń da idẹ. Iṣẹ́ ìran ni, ìta gbangba ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Wọ́n á fi ìda mọ ère, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda náà dànù lórí iná, wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Tí wọ́n bá ń da idẹ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé, ìran ni. Tí wọn ò bá dà á, ìsọ̀ ọjà lásán lẹ ó rí, ọ̀pọ̀ ère tó jọra. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba wà láàárín ìlú, ní òbìrí Ring Road. Fún ará Òkun tí kò ní iṣẹ́ míì níbẹ̀, mi ò rò pé owó ọkọ̀ náà bá ohun tó máa rí mu.

Èkó

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń bínú pé mo gbé Èkó sẹ́yìn. Kò sí ibi tí iṣẹ́ ọnà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, n kò jiyàn. Gálárì Nike ní Lẹ́kí jẹ́ ilé alájà márùn-ún tí àwòrán kún láti ilẹ̀ dé òrùlé, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Onikan wà láti 1957. Yàtọ̀ sí ère, mọ́tò tí wọ́n pa Murtala Muhammed sí ní 1976 wà níbẹ̀ pẹ̀lú ihò ọta lára rẹ̀, àwọn ọmọdé sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju ibòmíì lọ. Ilé àṣà Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ John Randle pè wà nítòsí rẹ̀, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, nínú yunifásítì Pan-Atlantic, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yẹmisí Shyllon tí wọ́n ṣí ní 2019 wà. Tí mo bá fẹ́ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rí bí iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà ṣe rìn láti ìran kan dé òmíràn, ibẹ̀ ni mo máa mú un lọ.

Ìyọnu Èkó ni pé ibi wọ̀nyí jìnnà síra, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì máa jẹ ọjọ́ yín. Ẹ má ṣe fi Onikan àti Ìbẹ̀jú sí ọjọ́ kan. Oṣù kọkànlá ni ART X, ìpàtẹ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016; gbogbo gálárì máa ń kó iṣẹ́ tó dára jù síta nígbà náà. Ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ayàwòrán, àmọ́ ẹ ó máa dúró sẹ́yìn àwọn olówó kẹ́ ẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀. Owó ni Èkó fi borí gbogbo ibi yòókù, lọ́nà tí kò dára: ọkọ̀, ibùsùn, àti mọ́tò kékeré láàárín ìlú. Tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó ń gbé Sùúrùlérè, ìṣirò náà á yí padà.

Níbikíbi tẹ́ ẹ bá lọ

Ẹ ya fọ́tò káàdì orúkọ pẹ̀lú àwòrán náà, kì í ṣe àwòrán nìkan. Ẹ bi ẹni tó ń ṣọ́ ilé pé èwo ló fẹ́ràn jù. Òun ló ń wò wọ́n lójoojúmọ́, á sì mọ ayàwòrán tó ń gbé nítòsí. Ẹ wá orúkọ náà lórí Instagram lálẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ẹ wà nínú ìlú. Ọ̀pọ̀ á ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ ní ibi iṣẹ́ àwọn. Ẹni tó bá ra nǹkan kó gba rìsíìtì tí orúkọ oníṣẹ́ wà lórí rẹ̀, pàápàá bí ọmọ bá fẹ́ gbé e lọ sókè òkun, torí àwọn aṣọ́bodè lè béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tú ère "àtijọ́" jáde nínú àpò fún yín, ẹ máa lọ. Ó ti pẹ́ tí òfin ti wà lórí títà irú ohun bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti jí ère lọ nílẹ̀ wa tó.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Tí owó àti àkókò bá kéré, Ògìdì ni, kò sí àròjinlẹ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ tó fẹ́ kó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ láti Ìjùmú náà, Ògìdì. Olùkọ́ ìhà Yàgbà, Ẹ̀sìẹ́, bí ọ̀nà bá dára lọ́jọ́ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìwé ń gbé lọ sí Àbújá kó fi ìrìn náà sí ọ̀sẹ̀ tí ìpàtẹ kan ń ṣí, kó sì wo Kwali lójú ọ̀nà dípò kó sùn. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ tàbí àwòrán lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, tó sì lè sùn níta, kó lọ sí Òṣogbo, kì í ṣe ní oṣù kẹjọ. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà kó fi Ifẹ̀ kún un.

Bìní wà fún ẹni tí iṣẹ́ irin tàbí idẹ bá wù, tàbí ẹni tó ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Èkó wà fún ẹni tí ayẹyẹ bá ti gbé lọ tẹ́lẹ̀: kó mú Onikan lọ́jọ́ kan, Lẹ́kí lọ́jọ́ kejì, kó sì fi aṣọ ẹbí sílé. Ní ti àwọn ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, gálárì Àbújá sàn fún wọn ju igbó Ọ̀ṣun lọ. Àga máa ń wà níbẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ sì mọ́.